Ègé Kéèkì Àkọ́kọ́

"Màmá, ẹ kúkú fún Valdemir," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, bí ìyá wọn ṣe ki ọ̀bẹ bọ kéèkì ọjọ́ìbí ara rẹ̀. Ní ìlú Belém tí wọ́n ń gbé, ẹni tí ọlọ́jọ́ìbí fẹ́ràn jù ló ni ègé àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Valdemir fúyẹ́ débi pé fáànù lè fẹ́ ẹ dé ìlú Manaus tó jìnnà réré.

"Dókítà ní gígé tí wọ́n gé àpòlúkù yín kù nígbà tí ìsanrajù fẹ́ pa yín ti yí àmì tó ń darí àjogúnbá ara yín padà kẹ́ ẹ tó lóyún Valdemir. Ìkòkò tẹ́ ẹ ti fọ̀ lẹ fi sè é. Èyí tó dọ̀tí lẹ fi se èmi."

"Ìwọ òjòwú yìí, nítorí ta ni mo ṣe jẹ́ kí wọ́n gé mi? Ẹ̀rù bà mí pé n ó kú fi ẹ́ sílẹ̀. Valdemir ò tíì sí láyé nígbà yẹn."

Ó gbé ègé náà fún ẹ̀gbọ́n. Valdemir, tí kò gba ègé àkọ́kọ́ rí, tẹjú mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ fojú jẹ ẹ́ tàwo-tàwo.