Ẹni Kẹwàá ní Kíláàsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Perelmuter

Èèyàn mẹ́sàn-án ló kù ní kíláàsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Bluma Perelmuter, mẹ́wàá sì ni òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì wí. Ìtàn àwọn Júù ni ìyá náà ń kọ́ wọn, àti ti àwọn tó ń sọ pé Síónì, ilẹ̀ Ísírẹ́lì, nìkan ni ilé Júù. Méjìlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan bínú lọ pé ó ń gbé àwọn ará Síónì gẹ̀gẹ̀ jù. Ẹnì kejì bínú lọ pé ó ń bú wọn jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni kẹta, Dvora, kò sọ ìdí kankan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ wá ka orí. Bí kò bá bá èèyàn mẹ́wàá, kíláàsì tú ká nìyẹn.

Raizel lọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Nídìí oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì nílé wọn ní Winnipeg ní Kánádà, bàbá àgbà rẹ̀ a ní ó yẹ kí gbogbo Júù ti kó lọ sí Ísírẹ́lì. Ìyá àgbà rẹ̀ a ní ibi tí èèyàn bá sin òbí rẹ̀ sí ni ilé rẹ̀. Bí Raizel bá la ẹnu, àwọn méjèèjì a parí ìjà, wọn a jọ kọjú sí i: "Kí lo mọ̀?" Ìdí tó fi wá sí kíláàsì nìyẹn, kí òun náà lè mọ nǹkan kan.

"Ẹ jẹ́ n lọ wá ẹni kẹwàá wá," ó ní.

"Ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n ti ń tà á?" Yoel tó jókòó tì í ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ibi tí bàbá àgbà mi ti máa ń rí i ni."

Ní sínágọ́gù, àwọn àdúrà kan wà tí wọn kì í gbà bí èèyàn kò bá pé mẹ́wàá. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kan a jáde sí títì, a fa Júù tó bá ń kọjá wọlé, tòun ti ẹja tó ń gbé lọ sílé.

Raizel ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀, fìlà pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn Júù máa ń dé láàárín orí rẹ̀, ó ń wo inú kíláàsì, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Raizel rò pé àdúrà ló ń gbà.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó tì wá."

"Ọmọ mi, iṣẹ́ ni mo bá wá. Mo ṣì ní ilẹ̀kùn mẹ́ta láti kàn."

Ó yé Raizel wàyí: ọ̀kan lára àwọn tó ń tọrọ owó kiri fún àwọn aláìsàn ni. "Tá a bá ṣe tán, gbogbo wa á fi nǹkan síbẹ̀ fún yín," ó ní. Ó ti dì í lápá aṣọ mú. Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé, ó sì bá ara rẹ̀ lórí àga.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi wọlé, kóòtù dúdú lọ́rùn, fáìlì lábíyá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó yọ bírò. Yoel gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga iwájú rẹ̀.

"Mi ò ní kà yín," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kà." Ó rẹ́rìn-ín sí obìnrin ẹ̀yìn. "Ọdún 1903. Wọ́n ń pa àwọn Júù ní Rọ́ṣíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n wá gba ilẹ̀ ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ṣé kí wọ́n gbà á, àbí kí wọ́n dúró de Síónì?"

"Síónì nìkan," ni Yoel wí. "Torí pé ìyàwó ẹni kò tíì dé, ṣé a ó fẹ́ èyí tó bá ń kọjá ni?"

Ọkùnrin náà, tó ti ń wo aago, yí orí padà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé ti jó mọ́ ọ lórí rí?"

"Rárá, sà."

"Ó hàn. Ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí kì í bi aládùúgbò pé ibo ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí."

"Tó bá wọ ilé aládùúgbò tán tí kò jáde mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ wò ó! Kò tíì wọlé, ọ̀rọ̀ ìjáde ló ń sọ!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Raizel nawọ́ sókè. "Nínú gbogbo wọn, ta ló bi onílẹ̀ léèrè?"

"Onílẹ̀ wo?" ni Yoel bi í. "Ti Áfíríkà àbí ti Síónì?"

"Èwo lo ti bi nínú méjèèjì?"

Ọkùnrin náà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn àga. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí agogo lù, kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n ń pariwo lọ ni. Obìnrin ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ nàró, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì yára pàdé rẹ̀.

"Ẹ ti rí wa, mà. Ṣé a pé?"

"Ẹ pé kẹ̀? Ẹ ti pọ̀ jù. Èmi ni ìyá Dvora. Mo wá gbọ́ ohun tó lé ọmọ mi lọ. Ariwo ni." Ó kó fáìlì rẹ̀, ó jáde.

Raizel wo ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọn lẹ́yìn. "Ẹni tó fẹ́ ka orí kò wá," ó ní. "Ó ti gbàgbé wa."

"Kò gbàgbé," ni ọkùnrin náà wí bó ṣe ń wọ kóòtù rẹ̀, "mẹ́sàn-án ló kà lẹ́nu ọ̀nà kí o tó fà á wọlé, ó sì ń lọ sí ọ́fíìsì báyìí lọ fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ṣe ẹni kẹwàá, torí Yoel kò tíì dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ onílẹ̀."