Mọ́dábọ́ọ̀dù Olówó Pọ́ọ́kú Tó Mú Nùrúdíìnì Gún Iyán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá sá lọ. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà géèmù lọ́dún yìí. Ẹ óò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú ẹ̀rín náà.

1.

Ọmọ Ìlúpéjú-Èkìtì ni Nùrúdíìnì. Bí géèmù bọ́ọ̀lù bá ti dé ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó lè nà án ní gbogbo Ìlúpéjú. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́dọọdún, àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà máa ń pàdé ní Ọ̀yẹ́ fún ìdíje. Kálukú á gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní àṣekágbá ni yóò lọ gún iyán fún ìlú ẹni tó borí, níwájú tọmọdé tàgbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Èkìtì, irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kì í tètè lọ!

Owó gàrí ọdún méjì ni Nùrúdíìnì tù jọ láti fi to kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fìrdáúsì, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìfàkì. Ó jókòó, ó kọ gbogbo ohun tí àbúrò rẹ̀ máa rà sínú ìwé.

"Mọ́dábọ́ọ̀dù yìí ni kó o kọ́kọ́ rà," ni Fìrdáúsì wí. "Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó sí. Iná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń lò, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Bí kò bá lágbára, ooru á mú un, géèmù rẹ á sì máa dá dúró lójijì."

"Àǹtí mi, ta ló ń rí mọ́dábọ́ọ̀dù? Ṣebí inú ló wà!"

"Nùrú, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá o."

Nùrúdíìnì rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìfàkì. Ó ra ọpọlọ tó lágbára jù lọ. Ó ra àpótí onígíláàsì tí iná pupa, iná búlúù àti iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Owó tó ṣẹ́kù ló fi ra mọ́dábọ́ọ̀dù tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, pẹlẹbẹ lásán, tí kò ní irin kankan tó lè fa ooru kúrò lára rẹ̀.

2.

Ní òwúrọ̀ kùtù tí ojú ọjọ́ tutù, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré lórí kọ̀ǹpútà tuntun náà. Géèmù ń lọ geere! Ó ya fídíò, ó fi í sórí wasaapu láti fi gún ìlú Ìtàjí tí wọ́n jọ ń díje lára: "Ẹ̀yin ará Ìtàjí, ẹ yáa máa bẹ iṣu sílẹ̀!"

Fìrdáúsì pè é. "Tàn án fún wákàtí mẹ́ta ní ọ̀sán gangan, ká wò ó."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ẹ ti ń fura?

3.

Ọjọ́ pé. Nùrúdíìnì na gbogbo ẹni tó kò lójú ní òwúrọ̀. Aago méjì ọ̀sán ni àṣekágbá, oòrùn mú, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan láti Ìtàjí, Ìtùnúolúwa, ló kù níwájú rẹ̀. Ọ̀kadà ló fi gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, dúdú ni, kò ní iná kankan.

"Ṣé kọ̀ǹpútà nìyí àbí àpótí bàtà?" ni Nùrúdíìnì bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, inú rẹ̀ ni mo náwó sí."

Wọ́n fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀. Kíá, Nùrúdíìnì ti gbá góòlù méjì wọlé. Ìlúpéjú ń jó! Àfi bí géèmù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú tirẹ̀. Ó tẹ páàdì, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò tètè dáhùn. Góòlù kan wọlé fún Ìtàjí, èkejì tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, agbábọ́ọ̀lù Nùrúdíìnì àti gólì Ìtàjí nìkan ló kù. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Nígbà tó máa ṣí, bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ àwọn Ìtàjí, wọ́n sáré lọ gbá a wọlé. Mẹ́ta sí méjì!

Iná àpótí rẹ̀ ṣì ń tàn yòò. Fìrdáúsì, tó wá wòran, fọwọ́ kan àpótí náà, ó yára fa ọwọ́ padà.

"Ooru ti mú mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ. Ọpọlọ yẹn lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù yìí ló ń fà á sẹ́yìn."

Omi lé ròrò sójú Nùrúdíìnì. Ojú tì í gan-an.

4.

Lọ́jọ́ kejì, Nùrúdíìnì balẹ̀ sí Ìtàjí, Fìrdáúsì sì tẹ̀ lé e. Ìyá Ìtùnúolúwa gbé odó, ọmọ odó àti iṣu sísè fún un. Nùrúdíìnì gbé odó sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára gún un. Odó ń mì, iṣu ń fò. Kókó kún inú iyán.

"Uyán kọ́ lèyí o!" ni màmá náà kígbe, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ọmọ mi, agbára rẹ pọ̀. Ubi tí odó jókòó sí ni kò dáa. Gbé e sórí ilẹ̀ tó dúró."

Ó gbé e kúrò. Láìpẹ́, iyán kúnná, ó funfun, kò sí kókó kan ṣoṣo níbẹ̀. Nùrúdíìnì dúró pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ó ti yé mi! Odó ni mọ́dábọ́ọ̀dù!"

"Oṣù kan ni mo fi sọ ọ́," ni Fìrdáúsì dáhùn. "Màmá fi ìṣẹ́jú kan ṣàlàyé."

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n jẹ iyán náà, Nùrúdíìnì fúnra rẹ̀ bù lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yíjú sí Ìtùnúolúwa.

"Jọ̀ọ́, ta ló sọ irú mọ́dábọ́ọ̀dù tó o máa rà fún ọ?"

Ọmọbìnrin náà fa ìwé kan tó ti ká yọ nínú báàgì rẹ̀. Nùrúdíìnì tú u wò. Ọwọ́ ìkọ̀wé Fìrdáúsì ni. Ìwé tí Nùrúdíìnì fi sílẹ̀ lórí tábìlì ní Ìfàkì náà ni; ibẹ̀ ni Ìtùnúolúwa ti rí i nígbà tó lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Fìrdáúsì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má torí iná tó ń ṣẹ́jú ta ìmọ̀ràn ẹni tó mọṣẹ́ nù. Ohun tí ojú kò rí ló ń gbé èyí tí ojú ń rí dúró. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kó má baà lọ gún iyán ní Ìtàjí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.