Ẹrẹ̀ Tó Lọ sí Rabat

Nígbà tí omíyalé fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ dúdú kù sílẹ̀ nínú gbogbo ilé tó wà létí odò ní Fez. Ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Ibtissam, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mọ ibi tó ti wá: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bàbà lókè odò ló ń da ìdọ̀tí wọn sínú omi. Anass, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tíì lè rìn, ń rákòrò lórí ẹrẹ̀ náà, ó sì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu.

Ìjọba ìbílẹ̀ ti sọ tiwọn. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé òjé àti bàbà pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ náà, wọn yóò kó o kúrò, wọn yóò sì ti àwọn ilé iṣẹ́ náà pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ibtissam kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe màgòmágó. Torí náà, kò fọwọ́ kan ẹrẹ̀ kankan. Ó pín ike funfun onídèrí fún àwọn obìnrin àdúgbò, ó ní kí kálukú bu ti àgbàlá tirẹ̀, kí òun lè gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Rabat, olú ìlú.

"Olùkọ́," ni Lalla Tamou, aládùúgbò wọn, wí, "ṣé wọn ò rí nǹkan mìíràn jẹ ní Rabat ni?"

Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Wọn ò ní jẹ ẹ́, ẹ̀yin ìyá mi. Wọ́n fẹ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni."

"Àwọn wo?" ni Batoul, ìyá rẹ̀, bi í.

"Àwọn onímọ̀, Màámi. Mo máa kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sára ike ẹ̀, kó má bàa dàrú mọ́ra."

"Orúkọ bàbá ẹ? Níwájú àwọn tá ò mọ̀ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba."

Batoul gbé ike tirẹ̀, ó sì wo ojú àwọn obìnrin yòókù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ kúsíkùsì tán, àwọn ike náà dé. Wọ́n ti nu ara wọn mọ́ tónítóní. Lalla Tamou tiẹ̀ fi aṣọ olóòdòdó bo orí tirẹ̀. Ibtissam lẹ gbogbo wọn pa láìṣí ọ̀kankan wò, ó sì gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin.

Nígbà tí èsì jáde, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Serghini, fún un ní àga.

"Mo bá yín yọ̀. Kò sí òjé níbẹ̀. Bàbà ibẹ̀ ò tó nǹkan. Èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí i lọ́la. Ẹrẹ̀ náà tiẹ̀ ń ta sánsán."

"Èló ni wọ́n fún yín?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń yọ́ bàbà. Èló?"

Serghini dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un. "Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ìjọba ìbílẹ̀ pa ẹjọ́ náà tì. Àwọn ilé iṣẹ́ náà tún ṣí gọ́tà wọn sínú odò.

Ibtissam bá ìyá rẹ̀ lágbàálá, níbi tó ti ń fọ ọwọ́ Anass.

"Wọ́n ti ra ọkùnrin yẹn, Màámi! Ó ní ẹrẹ̀ wa mọ́!"

"Wọn ò ra ẹnikẹ́ni, ọmọ mi," ni Batoul wí, inú rẹ̀ sì dùn, "gbogbo wa la jọ wọ ọkọ̀ lọ sí oko àbúrò mi ní Sefrou, a bu yẹ̀pẹ̀ gidi, a jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a fi omi òdòdó olóòórùn dídùn pò ó, àbí o rò pé a máa jẹ́ kí àlejò rí ìdọ̀tí ilé wa?"