Ọ̀sẹ̀ Tí Anselme Máa Rẹ́rìn-ín

“Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹ jókòó. Luc, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára ológbò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọmọ tuntun ilé wa fún yín.”

Luc àti Mireille ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nítòsí ìdáná. Délima, ìyá arúgbó tó pè wọ́n, na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ìka ṣírò, kì í ṣì í.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni Anselme ti dáyé. Ẹ yọ mẹ́jọ níbẹ̀. Mélòó ló kù?”

“Mẹ́fà,” ni Mireille wí.

“Ọmọ dáadáa! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ó pè é, torí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ẹni tó dé etí òkun kí omi tó fà, ṣé ẹ máa bú u pé kò rí ìṣáwùrú kó? Ẹ jẹ́ kí omi fà ná.”

Luc bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. “Ìyá àgbà, ṣé ó ti léyín?”

“Eyín kẹ̀? Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìwọ tó o ń sọ̀rọ̀ eyín, ta ló kó méjì iwájú tìẹ lọ?”

Bàbá Luc wò ó láti ìdí tábìlì. Luc panu mọ́.

Bàbá náà ga, irùngbọ̀n rẹ̀ sì pọ̀. Ní Alberta, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjèèjì dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì máa wọ bàálù ní ìlú Moncton láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Yvonne, obìnrin tó ń bá Délima gbé, ló sọ fún un pé àlejò dé láti ọ̀nà jíjìn. Délima ní kí wọ́n máa wọlé kíá. Ó ní láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, àfi fádà àti ẹni tó ń ta ẹja ló ń kan ilẹ̀kùn òun. Òun a jókòó sí ojú fèrèsé, òun a máa wo ọ̀nà.

Wọ́n jẹun. Pòtétò rírin ni Yvonne sè, tó di bí ìṣù bọ́ọ̀lù, tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí àárín. Ọkùnrin náà bu ṣúgà lé tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi àwo ṣúgà lọ̀ ọ́.

“Háà, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́?” ni Délima bi í, inú rẹ̀ dùn.

“Ìyá àgbà kan ni, mà.”

“Ó tọ́ ọ dáadáa.” Ó nawọ́ sí fọ́tò obìnrin kan lára ògiri. “Odette ọmọ mi nìyẹn. Òun ló bí Anselme. Ó wà ní ilé ìwòsàn ní Moncton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí. Kò ráyè wálé.”

Yvonne dìde, ó tan àbẹ́là tuntun síwájú fọ́tò náà. Ó ṣe àmì àgbélébùú.

“Ṣé ọmọ náà ń ṣe dáadáa, mà?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Ó ń fi ojú tọ èèyàn. Bí wọ́n bá dà á dojú bolẹ̀, ó ń gbìyànjú àtigbé orí. Ẹ̀rín ló kù.” Ohùn Délima wálẹ̀. “Dókítà ní bó bá rẹ́rìn-ín sí èèyàn nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tòótọ́, a jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Mo bi í pé bí kò bá rẹ́rìn-ín ńkọ́. Dókítà dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.”

Ọkùnrin náà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

“Àwọn tìrẹ ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni? Ọ̀sẹ̀ kelòó ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?”

“Mi ò rántí mọ́, mà.”

“Ẹ ò rí ọkùnrin! Irùngbọ̀n kún àyà, kò mọ ọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi ọkùnrin náà nìkan.

Nígbà tó yá, ó béèrè pé, “Bí Anselme bá lè gbọ́ yín nísinsìnyí, kí lẹ máa sọ fún un?”

Délima dáhùn pé, “Màá ní kó má bẹ̀rù. Kó má kánjú. Ẹnì kan wà nílé tó ń bá a ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀, kò sì ní sú u.”

Ìyàwó ọkùnrin náà kó àwo lọ sí ilé ìdáná, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ojúmọ́ ń mọ́, wọ́n di ẹrù sínú ọkọ̀. Mireille àti Luc dì mọ́ Délima, wọ́n sáré wọnú ọkọ̀ torí òtútù. Délima dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ṣọ́ọ̀lù bora. Inú rẹ̀ kò dùn pé wọ́n ń lọ.

“Ọ̀gbẹ́ni, bẹ́ ẹ bá dé Moncton, jọ̀ọ́, yà wo ọmọ náà fún mi. Bó bá rẹ́rìn-ín, tètè ránṣẹ́ sí mi. Má jẹ́ kó di ọ̀la.”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀.

Anselme rẹ́rìn-ín sí ìyá ìyá rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń hewú, ó sì lọ bá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀.