Ọ̀pá Ìyá Àpọ́nlé Wà Lára Ògiri

Ìsẹ́yìn, ọdún 1979. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó pé ọdún mẹ́fà tí ojú Ìyá Àpọ́nlé ti fọ́.

Lọ́jọ́ ìsìn kan, wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbàdúrà fún un, ó gbé aṣọ òkè kan síwájú rẹ̀. "Ìyá, irú aṣọ wo nìyí?"

"Ẹtù ni."

Ẹtù ni lóòótọ́. Ariwo gba ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwáwù aládùúgbò rẹ̀, tó jẹ́ ìmàle, ń sọ kiri pé, "Ìṣojú mi ni. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Wòlíì gba ọ̀pá ọwọ́ Ìyá Àpọ́nlé, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Àpọ́nlé, ọmọ rẹ̀ tó máa ń fà á lọ́wọ́, padà sílé ọkọ ní Ìgbòho. "Ẹ ti ríran, ìyá mi. Ọkọ mi náà ń retí mi."

Lónìí, wòlíì tún ń bèèrè ẹni tó fẹ́ àdúrà.

Ìyá Àpọ́nlé nawọ́.

Obìnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ìyanu kan ò tó yín ni?"

Ó gbé ọwọ́ náà padà sórí itan.

Kí ojú rẹ̀ tó fọ́, aláró ni. Òórùn aró ló fi mọ ẹtù náà.

Wọ́n bi í ní irú aṣọ, ó dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ríran.

Wọ́n ti bá a dúpẹ́ ojú náà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Báwo ni yóò ṣe tún tọrọ rẹ̀?

Ìsìn parí. Gbogbo èèyàn ti lọ.

Ó ń fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ lára ògiri.

Wọ́n gbé e kọ́ sókè ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, kí gbogbo ojú lè rí i.