Fódà Tó Ń Jẹ́ Mopélọ́lá

Ó ti rẹ Mopélọ́lá gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé yunifásítì kan, orí kọ̀ǹpútà àgbà kan ṣoṣo sì ni fódà, ibi tí kálukú ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí, gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Bó bá ní kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa so mọ́ fódà wọ̀nyí ní gbàrà tí wọ́n bá tàn, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà àgbà bá kú, gbogbo wọn ló máa dúró gbagidi. Ìdí nìyí tó fi yan ọ̀nà kejì: fódà kò ní ṣí àfi bí ẹni tó ni ín bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, tó sì pè é.

Ó ṣètò rẹ̀ tán, ó fẹ́ dìde. Ni fódà kan bá ṣí. Orúkọ Mopélọ́lá fúnra rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì fi hàn pé láti yàrá kejì ni wọ́n ti pè é. Ó ní bóyá òun ló ṣe àṣìṣe, ó tì í. Ó tún ṣí.

Bàbá Ládiméjì, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé náà, yọrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Háà, màdáámù, ẹ ti dé ìhín? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín ní yàrá kejì, ẹ ò dáhùn."

"Ta lẹ kí, bàbá?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ kọ̀yìn sí mi, ẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà."

Lẹ́yìn ògiri, ní yàrá kejì, ẹnìkan ń tẹ kọ̀ǹpútà wéréwéré. Títẹ̀ náà dúró. Àga wọ́ nílẹ̀, ẹni náà mí kanlẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn Mopélọ́lá gan-an:

"Ó mà rẹ̀ mí o."