Ta Ló Kọ́ Afárá Ẹlẹ́jà?

Ojú ọ̀run ni gbogbo ayé ń gbà lọ sóko báyìí, àfi Ìyá Àṣàkẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń kọjá lórí afárá kọnkéré kékeré tó wà lórí odò Ẹlẹ́jà, ó sì máa ń kí afárá náà bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́: “O kú iṣẹ́ o.”

Ohùn tí ìjọba fi sínú afárá àtijọ́ náà, kó lè máa sọ ìtàn ara rẹ̀, á dáhùn pé: “Gómìnà ló kọ́ mi.”

“Irọ́ ni! Bàbá mi, Akínjọgbìn, ló bẹ ọ̀wẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Èmi gan-an pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ!”

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jiyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kí ìyá tó lanu, afárá ti kí i.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá wa ló kọ́ mi.”